Schweinsteiger Ò Yí Tirẹ̀ Padà

Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù Keje ọdún 2014, Jámánì àti Argentina wàákò ní pápá Maracanã, ní Brazil, nítorí Ife Àgbáyé. Ẹ̀yin tí ẹ wo bọ́ọ̀lù ọjọ́ náà á rántí ọ̀gbẹ́ni kan láàárín pápá tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lábẹ́ ojú rẹ̀, tí wọn ò sì pààrọ̀ rẹ̀. Ó gbá gbogbo ìṣẹ́jú 120 náà tán, Jámánì sì fi góòlù kan ṣoṣo gba ife. Bastian Schweinsteiger lorúkọ rẹ̀. Lédè Jámánì, ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ń pè ní "Schwein". Orúkọ tí wọ́n fi ẹlẹ́dẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ló wà lẹ́yìn jẹ́sì ọkùnrin yìí níwájú gbogbo ayé. Orúkọ náà ò wọ́pọ̀, kódà ní Jámánì fúnra rẹ̀. Síbẹ̀, kò lọ sí kóòtù láti lé ẹlẹ́dẹ̀ kúrò níbẹ̀. Tòun tẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n jọ gbé ife náà.

Thomas Müller náà wà nínú ẹgbẹ́ yẹn. Ẹni tó ń lọ ọkà ni "Müller". Schumacher tó fi mọ́tò sáré rí ńkọ́? Ẹni tó ń rán bàtà ni "Schumacher". Alágbẹ̀dẹ ni "Schmidt". Müller àti Schmidt sì wà lára àwọn orúkọ ìdílé tó pọ̀ jù lọ ní ilẹ̀ Jámánì. Kò sẹ́ni tó ń retí kí Müller gbé ọkà lọ sẹ́nu ẹ̀rọ. Kò sì sẹ́ni tó ń gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta láti lé ẹ̀mí ẹwìrì jáde lára Schmidt.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ̀ wálé. Nínú àwọn abà àti ìlú kéékèèké tó yí Ìbàdàn ká, láti Mọníyà àti Ìkéréku ní Akínyẹlé, dé Lálúpọn ní Lágelú, dé Ẹrúnmu ní Ẹ̀gbẹ́dá, títí dé Akanran ní Ọ̀nà-Àrà, àwa náà ní Schmidt tiwa. Ògúnwálé ni. Bí ẹ bá gbọ́ Ògún níwájú orúkọ, ẹ ti mọ̀ pé ilé alágbẹ̀dẹ tàbí ilé ọdẹ tàbí ilé jagunjagun lẹ wà yẹn. Bí ẹ bá gbọ́ Àyánwálé, onílù ni wọ́n. Ọ̀jẹ́wálé, eléégún ni wọ́n. Fáwọlé, babaláwo ti ṣe ilé yẹn rí. Ọnàwùmí, àwọn tó ń gbẹ́ igi, tó ń fín igbá, ni wọ́n. Ẹ ò ní láti bi ẹnikẹ́ni. Ojú ọ̀nà orúkọ ni wọ́n kọ iṣẹ́ sí.

Àwọn orúkọ wọ̀nyí là ń pa. Ẹ má bínú pé mo lo ọ̀rọ̀ tó le. Orúkọ kì í ṣàìsàn, kì í darúgbó, kò lè kú fúnra rẹ̀. Ènìyàn ló ń pa á, lọ́pọ̀ ìgbà sì rèé, ọmọ tó ń jẹ́ ẹ gan-an ló ń mú ọ̀bẹ dání.

Ẹ ṣí ìwé ìròyìn sí ojú ewé tí wọ́n ti ń kéde ìyípadà orúkọ. Bákan náà ni wọ́n ń kọ ọ́ láti ọjọ́ tó ti pẹ́: èmi tí ẹ mọ̀ sí Fá-báyìí tẹ́lẹ̀, láti òní lọ, Olú-báyìí ni kí ẹ máa pè mí, gbogbo ìwé mi àtẹ̀yìnwá ṣì fẹsẹ̀ múlẹ̀, kí gbogbo ayé kíyè sí i. Wọn ò tiẹ̀ ń wá ọ̀nà jìnnà mọ́. Ifá á di Olú tàbí Ifẹ́. Ògún á di Ògo. Àyàn á di Ayọ̀. Ọ̀jẹ́ á di Oyè. Èṣù á fò fẹ̀rẹ̀ di Jésù. Ìdajì orúkọ lẹ́yìn á wà bó ṣe wà, bí ilé tí wọ́n wó iwájú rẹ̀ tí wọ́n fi ẹ̀yìn sílẹ̀. Ẹ tún wo ohun tí ìkéde náà ń sọ dáadáa: ìwé ẹ̀rí WAEC ò gbọdọ̀ sọnù, ìwé báńkì ò gbọdọ̀ sọnù. Baba-ńlá nìkan ló lè sọnù.

Mo mọ ohun tí ọ̀pọ̀ yín máa kọ́kọ́ sọ. Ẹ ó ní, "Ṣebí òyìnbó náà ló kó orúkọ ìdílé wá?" Òótọ́ ni. Láyé àtijọ́, ọmọ Yorùbá ní orúkọ àbísọ, ó ní oríkì, ó sì ní agbo ilé. Bí wọ́n bá bi í pé ta ni ẹ́, orúkọ ilé ló máa dá: ọmọ ilé báyìí ni mí. Ìgbà tí ìwé ìrìbọmi dé, tí ilé-ìwé dé, tí ìwé owó orí dé, ni akọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé, "Kí lorúkọ bàbá ẹ?" Ọmọ á dáhùn, tíṣà á kọ ọ́ sínú réjísítà. Ohun tó ti ń jẹ́ orúkọ ènìyàn kan ṣoṣo títí di àárọ̀ ọjọ́ yẹn á di orúkọ ìdílé.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Fáwọlé tí ò ń tì jù sílẹ̀ yìí kì í ṣe orúkọ Ifá. Orúkọ ọkùnrin kan ni. Wọ́n bí i, wọ́n sọ ọ́ lórúkọ ní ọjọ́ kẹjọ, ó gbin kòkó tàbí iṣu, ó jẹ gbèsè, ó san án, ó rán ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé-ìwé tí òun fúnra rẹ̀ ò lọ. Ọmọ yẹn ni bàbá bàbá ẹ. Nítorí náà, nígbà tó o bá yí Fáwọlé padà sí Olúwọlé, àṣà òyìnbó kọ́ lo jù nù. O ṣì ní orúkọ ìdílé bíi ti òyìnbó. Ọkùnrin Yorùbá tó wà nínú rẹ̀ lo jù síta.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ń dùn mí jù. Ẹ lọ síbi ìsọmọlórúkọ mẹ́wàá ní Mọníyà tàbí ní Ìyànà Ọ̀fà lónìí. Ẹ ó gbọ́ Olúwa, ẹ ó gbọ́ Ayọ̀, ẹ ó gbọ́ Jésù, ẹ ó gbọ́ orúkọ tí wọ́n bá nínú Kùránì. Ẹ ó wá Fákúnlé tì. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sẹ́ni tó ń fi Ògúndélé tàbí Ọ̀jẹ́níyì sọ ọmọ tuntun mọ́. Bí orúkọ àbísọ, orúkọ wọ̀nyí ti ń lọ. Ibi kan ṣoṣo tó kù tí wọ́n forí pamọ́ sí ni orúkọ ìdílé. Bí a bá tún wó ibẹ̀, wọn ò ní ilé mìíràn. Ìdí nìyẹn tí ìyípadà orúkọ ìdílé kan fi burú ju bí a ṣe rò lọ: ẹnì kan ò sọ ọmọ rẹ̀ ní Fákúnlé, ìyẹn ò pa Fákúnlé; ṣùgbọ́n bí gbogbo ẹni tó ń jẹ́ Fákúnlé bá di Olúkúnlé, ó tán nìyẹn.

Ọ̀nà kejì tó ń gbé orúkọ lọ wà, kò sì pariwo. Ní ọ̀pọ̀ agbo ilé Mùsùlùmí ní abà wa, orúkọ tí bàbá ń jẹ́ gẹ́lẹ́ lọmọ ń kọ lẹ́yìn tirẹ̀ nílé-ìwé. Bàbá àgbà kan bí ọmọ mẹ́ta: Làmídì, Rájí àti Sàlámì. Àwọn ọmọ Làmídì á máa jẹ́ Làmídì, ti Rájí á máa jẹ́ Rájí, ti Sàlámì á máa jẹ́ Sàlámì. Ìran kan péré, agbo ilé kan ti di orúkọ mẹ́ta, orúkọ bàbá àgbà ò sì sí nínú ìwé kankan. Ẹ wá ṣírò rẹ̀. Rájí púpọ̀ nílẹ̀ Ìbàdàn tí wọn ò bá ara wọn tan rárá, àwọn mìíràn sì bá ara wọn tan tí orúkọ wọn ò jọra. Àwọn orúkọ kan ń pọ̀ láìsí ìbátan nínú wọn. Èyí tó ní ìbátan nínú ń ṣọ̀wọ́n. Ẹ̀sìn Ìsìláàmù ò ní kí ẹnikẹ́ni ṣe bẹ́ẹ̀. Rájí ni orúkọ àárín Babátúndé Fáṣọlá tó ṣe gómìnà Èkó láti 2007 sí 2015. Lateef Fágbèmí ni mínísítà ètò ìdájọ́ tí wọ́n yàn ní 2023. Mùsùlùmí làwọn méjèèjì. Ifá wà níbẹ̀ níwájú orúkọ bàbá wọn, Ifá ò sì dí wọn lọ́wọ́ ìrun.

Ẹ ó ní, "Orúkọ ń ro ọmọ o." Mo gbà. Yorùbá ò sọ bẹ́ẹ̀ lásán. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ojú wo àwọn tí orúkọ ti rò. Ní 1938, ilé ìtẹ̀wé CMS, tí í ṣe ti ìjọ, tẹ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀. Onígbàgbọ́ ni ẹni tó kọ ọ́, olùkọ́ ni, ìwàásù sì kún inú ìwé náà fọ́fọ́. Fágúnwà ni wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ìjọ ò sọ pé kó kọ́kọ́ lọ yọ Ifá kúrò kí ìwàásù tó lè wọlé. Ní 1911, I. B. Akínyẹlé kọ Ìwé Ìtàn Ìbàdàn. Ọkùnrin yìí ló padà wá di ààrẹ àkọ́kọ́ fún ìjọ Christ Apostolic, tó tún jẹ Olúbàdàn ní 1955. Bí ẹnikẹ́ni bá wà tó lẹ́tọ̀ọ́ láti bẹ̀rù orúkọ òrìṣà, òun ni. Kò sọ Ògúnmọ́lá di Olúmọ́lá. Ní 1931, àwọn adájọ́ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù dá ẹjọ́ kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin ṣì ń kà títí dòní, torí ó sọ pé ìjọba ò lè gbá ẹ̀tọ́ ènìyàn mú láì lè fi òfin tó gbà á láyè hàn. Èṣùgbàyí Ẹlẹ́kọ, ọba Èkó, ló pe ẹjọ́ yẹn. Èṣù nìyẹn nínú ìwé òfin Gẹ̀ẹ́sì, òfin ò sì bàjẹ́.

Bí orúkọ bá ń ro ènìyàn, ohun tó ro àwọn wọ̀nyí ni pé wọ́n mọ ibi tí wọ́n ti wá. Ẹni tí orúkọ Olú-báyìí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà ò jẹ́ kó san owó tó yá, ẹ ó mọ̀ pé ìwà ló kù.

Àwọn mìíràn á ní ẹ̀tọ́ wọn ni. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀tọ́ yín ni. Èmi ò sọ pé kí ọlọ́pàá wá mú yín. Ẹ̀tọ́ ọmọ náà ni láti ta ilẹ̀ tó jogún, ṣùgbọ́n bó bá tà á láì mọ ibi tí ààlà rẹ̀ dé, a máa sọ̀rọ̀. Ohun tí mo ń bá jà ni ìyípadà tí ẹ̀rù ń tì, tí ẹni tó ń ṣe é ò tíì béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni pé ta ni mò ń pa rẹ́.

Torí mo ti dárúkọ ilẹ̀, ẹ jẹ́ ká dúró níbẹ̀ díẹ̀, torí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ewì nìkan. Ìbàdàn ti ń jáde wá bá wa ní abà. Láti ìgbà tí ibùdókọ̀ ojú irin ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Mọníyà ní 2021, ẹ mọ ohun tí ilẹ̀ ń jẹ́ níbẹ̀. Ọ̀nà Ifẹ̀ tó gba Ẹ̀gbẹ́dá kọjá ti kún fún ògiri àti géètì. Ilẹ̀ tí bàbá wa fi dá oko kòkó ni wọ́n ń gé sí púlọ́ọ̀tì. Báwo lẹ ṣe máa fi hàn pé tiyín ni? Ní 1976, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà, nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba, ka ọ̀nà márùn-ún tí ènìyàn lè gbà fi ẹ̀rí hàn pé òun ló ni ilẹ̀. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ló ṣáájú. Kóòtù á fẹ́ gbọ́ ẹni tó tẹ ibẹ̀ dó, bó ṣe tẹ̀ ẹ́ dó, ẹni tó jogún rẹ̀, ẹni tó tún jogún lọ́wọ́ onítọ̀hún, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí yóò fi kan ẹni tó ń ṣẹjọ́.

Ẹ fojú inú wò ó. Ọmọ kan dúró níwájú adájọ́, ó ní Ògúnwálé ló tẹ abà àwọn dó. Lọ́yà ẹnìkejì á rẹ́rìn-ín músẹ́: "Ìwọ Olúwálé, báwo ni Ògúnwálé ṣe jẹ́ tìẹ?" Bó bá jẹ́ òun ló yí orúkọ náà padà, á lè mú ìwé ìbúra kóòtù jáde. Bó bá jẹ́ bàbá rẹ̀ ló yí i ní ogójì ọdún sẹ́yìn ńkọ́, tí ìwé ìròyìn ọjọ́ náà ti di ohun tí wọ́n fi di àkàrà? Mọ́gàjí tó mọ ìtàn náà ti lọ. Baálẹ̀ tuntun ò mọ̀ ọ́n rí. Ọmọ bíbí inú ilé á wá dà bí àlejò tó fẹ́ gba ilẹ̀ onílẹ̀.

Ìtàn náà á sọnù bí ilẹ̀. Ní 1968 sí 1969, àwọn àgbẹ̀ agbègbè yìí dìde nítorí owó orí. Àgbẹ́kọ̀yà ni wọ́n. Akanran, ní ibi tí Tàfá Adéoyè ti jẹ́ olórí wọn, ni ìjọba ti wá bá wọn sọ̀rọ̀ nígbẹ̀yìn. Olórí nìkan kọ́ ló jà. Àwọn tó pọ̀ jù nínú wọn, orúkọ wọn ò jáde nínú ìwé ìròyìn. Inú ìwé owó orí, ìwé ọlọ́pàá àti ìwé ẹ̀wọ̀n ló wà. Bí ọmọ yunifásítì kan bá gbé àwọn ìwé yẹn lónìí tó fẹ́ wá ọmọ-ọmọ àwọn tó jà, orúkọ ni okùn kan ṣoṣo tó máa dì mú. Bí ọmọ-ọmọ bá ti gé okùn náà, ẹni tó jà fún un á kàn jẹ́ orúkọ tí kò ní èèyàn.

Èyí tó tún pa mí lẹ́rìn-ín tó sì dùn mí ni pé a mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú orúkọ, bó bá jẹ́ ti ẹlòmíràn. Ní 1851, ará Jámánì kan láti Württemberg wá sí Ìbàdàn. Ní 1853, òun àti Anna ìyàwó rẹ̀ wá tẹ̀dó sí Kúdẹtì. David Hinderer ni. Orúkọ tí kò wọ́pọ̀ ni Hinderer náà. Títí di òní, Ilé Hinderer ni wọ́n ń pe ilé rẹ̀ ní Kúdẹtì, kò sì sẹ́ni tó ní kí wọ́n yí i padà. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹni tó wá láti ọ̀nà jíjìn tọ́ sí ìrántí. Ṣùgbọ́n àwọn babaláwo, àwọn ọdẹ àti àwọn onílù tó wà ní Ìbàdàn kí Hinderer tó dé ńkọ́? Àwọn ọmọ wọn ló wà ní kóòtù lónìí tí wọ́n ń búra pé àwọn ò jẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́. Méjì nínú ìjọba ìbílẹ̀ wa, Akínyẹlé àti Lágelú, orúkọ ènìyàn ni. Bí ẹnì kan bá ní ká sọ Lágelú di Olúgelú, ẹ̀rín la máa fi pa á. Kí ló dé tí a kì í rẹ́rìn-ín bó bá jẹ́ bàbá tiwa?

Àwọn ará Jámánì ń ka orúkọ wọn. Láti 2012 ni àwọn onímọ̀ kan ní ìlú Mainz ti ń kó ìwé atúmọ̀ orúkọ ìdílé gbogbo ilẹ̀ wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ tẹ orúkọ kan síbẹ̀, ẹ ó rí ibi tó ti ṣẹ̀, bó ṣe pọ̀ tó, àti àgbègbè tó ti pọ̀ jù lórí máàpù. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ ṣọ̀wọ́n á mọ̀ pé ó ṣọ̀wọ́n, á sì dì í mú. Nílé wa ńkọ́? Ìkànìyàn 2006 ka orí wa, kò ka orúkọ wa. Àjọ NIMC ti kọ orúkọ àwọn èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 100 sílẹ̀. Kí ló lè dí wọn lọ́wọ́ láti sọ fún wa iye ẹni tó ń jẹ́ orúkọ ìdílé kọ̀ọ̀kan ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, láì fi àṣírí ẹnikẹ́ni hàn? Bí wọ́n bá sì ń ṣe é, kí wọ́n fi àmì ohùn sí i. Láìsí àmì, ẹ̀rọ ò mọ ọdẹ yàtọ̀ sí òde.

Kí ìjọba tó dáhùn, ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí lórí fóònù lè bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi àmì sórí orúkọ bàbá yín níbikíbi tí ẹ bá ń kọ ọ́, kódà lórí Facebook. Ẹ wò ó bóyá ó wà lórí YorubaName.com tí Kọ́lá Túbọ̀sún dá sílẹ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ fi síbẹ̀ pẹ̀lú ìtumọ̀ rẹ̀. Bí ilé yín bá ti yí tiwọn padà, ẹ fi ti àtijọ́ sọ ọmọ yín, kó jẹ́ orúkọ àárín, kó ṣáà máa mí. Bí ẹ bá sì ti múra tán láti lọ sí kóòtù lọ́la, ẹ kọ́kọ́ wọ mọ́tò lọ sí abà. Ẹ wá àgbà tó dàgbà jù nínú agbo ilé yín, ẹ dọ̀bálẹ̀ tàbí kí ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ bi í pé: "Bàbá, ta ni ẹni tí mò ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ yìí, irú èèyàn wo ni?" Ẹ tan fóònù kó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá gbọ́ ọ tán, bó bá ṣì wù yín kí ẹ pa á, ọwọ́ yín ló wà.

Àmọ́ kí ẹ tètè lọ. Àgbà tó mọ ìdáhùn náà ò ní pẹ́ gbàgbé.